Ọkàn Màmá Wa Nínú Abọ́ Tánganran

Àǹtí mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá láàárọ̀ yìí. Mo wà nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń díje. Ẹni tó bá mú èrò tó dára jù wá lórí ìtọ́jú ọkàn ni wọ́n máa fún lówó láti fi ṣe é. Ọkàn màmá wa ni mo gbé lọ́wọ́, nínú abọ́ tánganran wọn, ó ń lù kìkìkì, ọmọrí rẹ̀ ń jó.

Mo kúnlẹ̀, mo ń kí àwọn adájọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ. Àfi gbaga, agogo dún! Ìyá kan láàárín wọn ní, "Àkókò ẹ ti pé. Sọ̀kalẹ̀."

"Mà, kíkí nìkan ni mo ṣì ń kí yín!"

"Ẹlòmíì ń bọ̀."

Inú bí mi, mo ṣí abọ́. Ọkàn yẹn lù débi pé àga àwọn adájọ́ ń fò sókè sódò, àwọn náà ń bá a fò. Mo ní, "Kí nọ́ọ̀sì máa lọ yẹ ọkàn àwọn àgbà wò nílé wọn, èrò mi ò jùyẹn lọ! Màmá mi jókòó de dókítà lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù títí, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n dákẹ́ sí. Mi ò sọ̀kalẹ̀!"

Ìyá yẹn ń fò, ó ń pariwo, "Bò ó!"

Mo gbé ọmọrí sílẹ̀, mo jókòó lé e.

Ni Bàbá Ṣadé bá ń mì mí lórí ibùsùn wa: "Ta ló ní kí o sọ̀kalẹ̀?" Mo lajú, orí ìrọ̀rí rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mi ò dìde.