Òwú Pupa Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Òwú náà kò já. Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án wò: bó ṣe so ó láti ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ díńgí ẹ̀gbẹ́ lánàá ló ṣì wà. Síbẹ̀, nígbà tó tú u, tó wọlé, tó tẹ bọ́tìnnì, iná iwájú rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Bátìrì tí rewáyà jí dìde lóṣù tó kọjá ti tún sùn.

"Olè tó mọ òwú so ni," ó wí fún ara rẹ̀.

Ó mọ ẹni tó ń bá wí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé ni, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ẹni tó ru àpótí aṣọ rẹ̀ wọ ilé yìí lọ́jọ́ ìyàwó, tí òun sì sọ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí ọmọ Ìyá Aránṣọ rìnrìn àjò, tó fi ọkọ̀ tó ń mu epo tó tún ń lo iná yìí sílẹ̀ ní gáréèjì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá bá a. "Ìyàwó wa, ẹ máa yá mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n máa tan án díẹ̀."

Ọkọ̀ tó lè yọ́ jáde láìdún, ta ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tọrẹ? Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú àpò aṣọ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí gáréèjì. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò gbóòórùn ìjókòó bóyá lọ́fínńdà ọkùnrin wà níbẹ̀, yóò sì tún òwú so.

Ó gba yàrá ẹ̀yìn lọ tààrà.

"Ọkọ mi, ẹ wá ibòmíràn gbé."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ bi bátìrì léèrè. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí."

Bàbá náà fa báàgì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ó dáa. Bí mo bá di ẹrù tán, n ò ní pa á dé. Ẹ wá tú u wò, kí ẹ má baà wá abẹ́rẹ́ yín tì lọ́la."

Ìyá Aránṣọ padà sí gáréèjì, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Mo ti rí ẹni tó ń jí iná ọkọ̀ rẹ lò."

"Màmá, ta ló ń ṣí i?"

"Èmi nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lára mi; ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni mo ti ń ránṣọ."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Màmá, ọkọ̀ yẹn máa ń gbóòórùn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bó bá wà nítòsí, ọkọ̀ náà kì í sùn. Bí ẹ bá sì ṣílẹ̀kùn, ó jí nìyẹn. Bátìrì kékeré ló ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń tan án kí bátìrì náà rí nǹkan jẹ. Ṣe ni kí kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, kí ẹnì kan máa ṣí gáréèjì sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó tan án fún bí ìdajì wákàtí. Mo bẹ Bàbá Kékeré sí i. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Ìyá Aránṣọ wo òwú pupa tó ń mì lára díńgí. "Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ tán."

Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé òwú náà kúrò.

Báàgì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wọ bàtà, kò gbójú sókè. Ìyá Aránṣọ gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì rẹ̀.

"Ibí jìnnà sí ọkọ̀ dáadáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ ó máa wà lọ́dọ̀ yín."

"Ẹ ò tíì tú ẹrù mi wò."

Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀, ó fa síìpù báàgì náà dé láìwo inú rẹ̀, ó sì tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.