Lẹ́tà Mọ́kànlá Nínú Dúróà Ẹ̀gbọ́n

Alága Fóòmù ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì ló ní. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ta oorun fún gbogbo ayé, òun fúnra rẹ̀ kì í sùn. Owó ń wọlé dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń bójú tó ìwé owó, òun ló sì fi iṣẹ́ aránṣọ rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ohunkóhun tí ẹ̀gbọ́n bá gbé wá, àbúrò á kàn fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì dé láti ọ́fíìsì owó orí. Wọ́n jókòó sí yàrá ìpàdé tí òórùn gọ́ọ̀mù máa ń gbà kan, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kó ìwé owó ọdún mẹ́rin wá. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún wọn ní omi tútù. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin náà pè é.

"Ọ̀gá, ta ló ń gba lẹ́tà yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Obìnrin náà fa dúróà tábìlì ẹ̀gbọ́n. Lẹ́tà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, láti ọ́fíìsì owó orí ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò sì tú ọ̀kankan. Ìwé owó ọdún méjì tó kẹ́yìn wá rí játijàti: wọ́n kọ ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, oṣù mẹ́fà sì wà tí wọn ò kọ nǹkan kan rárá.

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni," ni obìnrin náà wí. Kò gbóhùn sókè. "Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ nìyí o."

Alága já wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. "Ẹ̀gbọ́n mi, irú kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

"Mi ò ríran kàwé mọ́," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Dókítà ní ojú yìí ò ní là mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé wàá fi ẹlòmíràn sípò mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojoojúmọ́ là ń kọjú síra wa. Ìwọ náà ò wò mí."

Agbẹjọ́rò Alága ò fi bọpo bọyọ̀. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tó sì fi pamọ́ fún yín. Owó nìkan lẹ máa san. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ṣé ká kúkú sọ pé kò ríran?"

"Wọ́n á ní kí ló dé tí ẹ fi fọwọ́ sí ohun tí afọ́jú kọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé tí agbẹjọ́rò kọ sílẹ̀ fún un fi wà lórí tábìlì ìjẹun, kò fọwọ́ sí i. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ, ó tún gbé e kúrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù. "Mo ti gbọ́ ohun tí agbẹjọ́rò rẹ ní kó o kọ. Mo ti dé ọ́fíìsì owó orí. Màá sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mi ò ní dárúkọ ojú."

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀!"

Ibẹ̀ ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ilé Alága. Ó wọ bàtà kan. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láti wọ èkejì, kò sì dìde mọ́. Ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń fọ abọ́. Ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, wákàtí kan kọjá. Nígbà tó fi máa so okùn bàtà kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọwọ́ síwèé.

Wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún kan àbọ̀. Alága ta ìdajì ẹ̀rọ rẹ̀ kó tó rí owó ìtanràn san, ó sì lé ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ kúrò.

Nígbà tó lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n bi wọ́dà.

"Àbúrò yín ni, mà."

Ojú rẹ̀ tú ká. "Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?"

"Wọ́n wà, ẹ̀gbọ́n mi," ni Alága dáhùn. "Gbogbo wọn ló ń kí yín."

"Ọpẹ́ ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn."