Ẹ Kí Àwọn Ènìyàn Yín

"Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, Ìyá Ọpẹ́," ni Gbọ́ládé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí, ó sì fa gbohùngbohùn wá sí ẹnu Hàlímọ̀tù.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé Hàlímọ̀tù pé òun ló ń bá wí. Kò bí Ọpẹ́ kankan. Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́, tó jókòó tì í, ló fún un ní orúkọ náà kí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wọn ní Sàngó-Ọ̀tà má baà mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí Dúpẹ́ ti ń ti ilé iṣẹ́ rédíò kan bọ́ sí òmíràn, tó ń bẹ ìjọba kí wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú sí Ọ̀tà fún àwọn tí ọkàn wọn dàrú àti àwọn tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú. Dókítà ti sọ̀rọ̀ títí, ó sú àwọn ará ìlú. Ìyá ló kù tí wọn ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Hàlímọ̀tù sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó sọ bí ọmọ òun ṣe gba iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá, àti bí ọ̀gá wọn kì í fẹ́ rí ẹni tó ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un ní oògùn tíramádọ̀ kí ojú rẹ̀ lè là. Ojú náà là lóòótọ́, kò sì padé mọ́. Nígbà tó yá, ó ń bá ògiri jà, ó ń pe ìyá tó bí i ní àjẹ́.

Omi ti kún ojú Dúpẹ́. Ojú Hàlímọ̀tù gbẹ. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti kú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín: èèyàn mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ni, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ ọ́n lára.

"Níbo ló wà báyìí, Màmá?"

"Ó wà níbì kan. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ra ẹ̀wọ̀n náà."



Líbíà ni gbogbo ayé mọ̀ pé Kàdírì, ọmọ náà, wà. Òun ni àkọ́bí, ṣùgbọ́n nígbà tí Hàlímọ̀tù kó wá sí Jójú ní Sàngó, Ìyá Mùbárákà ló pe ara rẹ̀ fún onílé, orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin sì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Mùbárákà yìí náà ni ìdílé kan ní Ìjù fẹ́ wá tọrọ fún Fọlájìmí ọmọ wọn. Mọ̀mínmọ̀ọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwádìí sì ń lọ lábẹ́lẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́yàwó nílé tí wèrè wà. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ó sì burú jù bẹ́ẹ̀ láti fi ṣe àna. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìí, Mùbárákà di ìyá rẹ̀ láṣọ mú lẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, ẹ lọ sọ̀rọ̀ yín, mi ò kọ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ wá."

Ó ku díẹ̀ kí ètò parí. Gbọ́ládé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo àlejò.

"Màmá, ẹ kí àwọn ènìyàn yín."

Kò sẹ́ni tó ń dé orí rédíò nílẹ̀ yìí tí kì í kí ènìyàn. Bí olè bá wá jẹ́wọ́ níbẹ̀, yóò kí ará àdúgbò rẹ̀ kó tó jáde. Hàlímọ̀tù kò ronú. Ẹnu rẹ̀ dá lọ fúnra rẹ̀.

"Mo kí gbogbo ará Jójú. Mo kí àwọn obìnrin tá a jọ ń di bisikíìtì. Mo kí Mùbárákà ọmọ mi. Mo kí Kàdírì ọmọ mi, kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ."

Dúpẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Gbọ́ládé sáré fi orin bò ó, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀.

Fóònù Hàlímọ̀tù ti ń dún kó tó dé ìta.

"Màámi, ẹ dárúkọ wa!" Mùbárákà ń sunkún. "Ìyá Fọlájìmí kì í pa rédíò yẹn láéláé! Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn báyìí?"

Nínú ilé iṣẹ́ rédíò lẹ́yìn Hàlímọ̀tù, tẹlifóònù kò sinmi: àwọn ìyá ló ń pè, wọ́n ń bi Dúpẹ́ léèrè ibi tí wọ́n lè gbé ọmọ tiwọn lọ. Hàlímọ̀tù dúró kí nǹkan kan dun òun. Kò sí èyí tó dùn ún. Ó wọ ọkọ̀, kò wọ ti Jójú, ti Àtàn ló wọ̀.

Ilé Ṣóbándé, bàbá tó ń tọ́jú wèrè ní Àtàn, ni Kàdírì wà. Ó jókòó sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, rédíò bàbá náà kọ́ sórí ìṣó lókè rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kì í wo ojú ìyá rẹ̀. Lónìí, ó wò ó.

"Wọ́n kí mi," ó wí. "Lórí rédíò."

"Èmi ni mo kí ọ."

"Mo rò pé ẹ ti sọ fún wọn pé mo ti kú."

"Líbíà la sọ."

Kàdírì rò ó. "Líbíà," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé ó dáa níbẹ̀?"

Hàlímọ̀tù jókòó tì í. Ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí irin ti bó o lára. Irin náà tutù. Fóònù tún dún. Ìyá Fọlájìmí ni.

Obìnrin tó jẹ́ pé Ìyá Mùbárákà ló máa ń pè é, tí í kí i títí ilẹ̀ fi ń sú, kò kí i rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ìyá Kàdírì nìyẹn?"

Hàlímọ̀tù lè sọ pé wọ́n ṣi nọ́ńbà pè. Ó lè pa fóònù náà. Kàdírì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀.

"Èmi ni," ni Hàlímọ̀tù wí. "Èmi ni Ìyá Kàdírì."

Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé ó ń dun òun.