Epo Tí Àrìnpé Kò Lè Rọ Sí Àtùpà Ara Rẹ̀

Ilẹ̀ ti ń ṣú, NEPA sì ti mú iná lọ láti àárọ̀, nígbà tí Àrìnpé gbé àtùpà rẹ̀ sílẹ̀ láti rọ epo sí i. Ó ti ki àrọ bọ ẹnu àtùpà. Ó ti bu epo nínú dúrọ́ọ̀mù tuntun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó da epo náà padà, ó wá ìṣẹ́kù epo àtijọ́ tó wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ìyẹn ló sì rọ sí àtùpà.

Ìgbà náà ló yé e. Epo tí kò lè rọ sí àtùpà ara rẹ̀, òun ló tà fún Mabel lọ́sàn-án.

Epo òyìnbó ni Àrìnpé ń tà níwájú ilé kan ní Ìdí-Àràbà. Lọ́dún 1993 yẹn, epo wọ́n bí ojú. Nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé, tó máa ń já epo fún un, yí dúrọ́ọ̀mù kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àrìnpé ṣe bí àwọn elépo ṣe ń ṣe: ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi ra àtẹ́lẹwọ́. Epo òyìnbó gidi kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ṣe ni í máa yọ̀ lọ́wọ́. Èyí tutù nini, ó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀jẹ̀túndé, bẹntiróòlù wà nínú epo yìí."

"Àǹtí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ta ló máa mọ̀?"

"Iná ló máa mọ̀."

Ọ̀jẹ̀túndé rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ wí. Wọ́n ń dúró dè mí ní Mushin."

Àrìnpé gbà á. Kò pẹ́ tí Mabel, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òpópó kejì, gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé epo dáadáa ni?"

"Kí ojú mi fọ́ bí mo bá ń tàn ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí ó tó rò ó. Mabel lọ, òjò dé, kò sì sẹ́ni tó tún wá ra epo mọ́.

Ọmọ olùkọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Àrìnpé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bó bá pa irọ́ kan ṣoṣo, kò ní lè sùn. Ọjà kò kọ́ ọ ní irọ́ pípa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó kọ́kọ́ kọ́ ọ láti dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ ọ láti búra.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì sáré gba ilé Mabel lọ. Lójú fèrèsé gbogbo ni wọ́n ti ń tan àtùpà. Bí ẹnì kan bá ti ṣá ìṣáná, Àrìnpé á tún sáré sí i. Ó ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá yóò gbọ́ igbe láti òpópó kejì. Kò gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn gan-an sì tún dẹ́rù bà á.

Mabel bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé. Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù, iná rẹ̀ ti ń pọ́n, ó ti fẹ́ kú. Mabel kò pa á. Ó ti ṣí ojú ibi tí wọ́n ń gbà rọ epo, ó sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì dání.

"Mabel! Má rọ ọ́!"

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lé yín?"

Bẹntiróòlù ni Àrìnpé fẹ́ sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Epo elépo ni mo bù fún ọ. Ó ti sanwó sílẹ̀. Gbé e wá, màá fún ọ ní òmíràn lọ́la."

Mabel bú sẹ́rìn-ín. "Owó ti gorí ẹ̀, àbí? Ẹ̀gbọ́n mi olówò! Ẹ̀wà mi ò lè dúró dọ̀la o." Ó ń dorí kẹ́ẹ̀gì kọ sítóòfù bọ̀.

"Bẹntiróòlù wà nínú ẹ̀! Mo fi Ọlọ́run búra!"

Saidat, tó ń gbé ní yàrá kejì, yọjú. "Ẹn-ẹ́n. Lóṣù tó kọjá, omi ló wà nínú tèmi. Mo dá a padà fún un, ó sì tà á fún ará ẹ̀yìnkùlé wa kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nọ́ọ̀sì, rọ epo ẹ jàre."

Òótọ́ ni Saidat sọ. Àrìnpé wá ìbúra mìíràn, kò rí. Ó ti fi gbogbo rẹ̀ ta epo tán.

Ó já kẹ́ẹ̀gì gbà. Epo dà sí i lọ́wọ́. Ó gbé e jáde sí àgbàlá, ó ta díẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó gbé ìyókù jìnnà.

"Ẹ fún mi ní ìṣáná."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ dán wò?"

"Fún mi ní ìṣáná, Mabel!"

Ó ṣá a, ó jù ú. Iná sọ gbùù kí igi ìṣáná tó kanlẹ̀, ó ga ju ìbàdí lọ, ó sì ràn mọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó tutù fún epo. Àrìnpé ké. Mabel fa aṣọ tútù kan lórí okùn, ó fi di ọwọ́ náà títí iná fi kú. Saidat ti sáré lọ pa sítóòfù.

Mabel bu omi sínú abọ́, ó rọra di ọwọ́ Àrìnpé mú nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún aláìsàn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Èsì ti wà lẹ́nu Àrìnpé: ìsinsìnyí ni, Ọ̀jẹ̀túndé ló tàn mí. Ó ti tò, ó dán, kò ku nǹkan kan ju kó lanu lọ. Irọ́ náà bà á lẹ́rù ju iná lọ.

"Kó o tó rà á ni," ó ní.

Mabel fi ọwọ́ Àrìnpé sílẹ̀ nínú omi, ó sì yọ tirẹ̀.