Àkànó Kì Í Ṣe Okùn

Tí oorun bá ti gbé Màmá Moróunkẹ́ lórí àga níwájú ilé wọn ní Àgbówó, pákó ló máa ń fò lójú àlá wọn. Á gbéra bí ẹyẹ lékeléke, funfun báláú, á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lókè títì, kò ní pariwo. Àkànó, ọmọ alágbàrù tí wọ́n mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó lórí rẹ̀, á na ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó fẹ́ fò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá á ti ta wọ́n jí.

Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ náà ṣèṣe, Akíndúró ló kó pákó jáde lọ́jà Bódìjà, òun ló ni ọkọ̀, òun ló sì ń wà á. Ó fi okùn so iwájú ẹrù. Ẹ̀yìn ńkọ́? Alágbàrù ni wọ́n máa ń gbé jókòó síbẹ̀, kí ìdí èèyàn lè tẹ pákó mọ́lẹ̀. Àkànó ló jókòó. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá ọkọ̀ dúró l'Ágbówó, Àkànó wolẹ̀, ó rí Màmá nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń ti ilé àdúrà bọ̀. Ìjọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Ta ni yóò jókòó téńté lókè, kó máa kí àgbà nílẹ̀? Ó fò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja létí títì.

"Ẹ káàsán, Màmá."

Wọn ò tíì dáhùn tí ọkọ̀ fi sún síwájú. Pákó yọ̀ wálẹ̀. Àkànó tó wà ní ìdọ̀bálẹ̀, orí rẹ̀ ló gbà kọjá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá ló bà lé.

Ní kóòtù, lọ́yà Akíndúró ní Àkànó ni kó san owó ìtọ́jú Màmá, torí òun ló fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀. Akíndúró gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Olúwa mi, ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ni ì bá já bọ́?"

Àkànó ò lówó ìtọ́jú lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Màmá rò ó wò: kí ọmọ kí èèyàn, kí ìkíni wá tú ilé rẹ̀ ká?

Màmá fi ọ̀pá dìde. "Kíkí ló kí mi. Bí ẹ bá máa dá a lẹ́bi, ẹ pe ìyá tó kọ́ ọ ní ìkíni."

Adájọ́, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rọ omi sí ìkòkò, kọjú sí Akíndúró.

"Okùn wo ló wà lẹ́yìn ẹrù rẹ?"

"Àkànó ló wà lẹ́yìn, Olúwa mi."

"Okùn ni mo bi ọ́."

"Kò sí, mà."

"Okùn kì í rí àgbà kó sọ̀kalẹ̀. Ìwọ tó fi èèyàn ṣe okùn, ìwọ lo jẹ̀bi. Ìwọ ni wàá san owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ Màmá."

Nínú takisí tó ń gba Ring Road gbé wọn lọ sílé, oorun tún gbé Màmá. Pákó gbéra. Àkànó na ẹsẹ̀ kan. Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Jókòó síbẹ̀, ọmọ mi. Mo ti gbọ́. O kú iṣẹ́."

Àkànó, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, bojú wẹ̀yìn. "Ẹ pè mí, Màmá?"

Oorun ṣì ń gbé Màmá lọ. Ọkọ̀ kó sí kòtò, ó jáde, ẹsẹ̀ kò sì ta wọ́n jí.