Ìlú Tó Wà Láàárín Ọkọ̀ Mi àti Tírélà

Ìyá Wálé, má tíì lọ gbé omi kaná, jókòó kí n sọ àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Má rẹ́rìn-ín o. Mo ń wa bọ́ọ̀sì mi, èrò kún inú rẹ̀, tírélà kan wà níwájú. Mo wo àyè tó wà láàárín èmi àti tírélà yẹn, ìlú ni mo rí níbẹ̀. Ìlú gidi! Ilé, igi ọsàn, àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn ń bá wa sáré lọ láìmira. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o sá láfún sójú títì. O ní, "Bàbá Wálé, ẹ kú iṣẹ́ o."

Èrò kan pariwo lẹ́yìn mi pé, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹlòmíì má bàa wọ iwájú wa!"

Mo ní, "Ṣé orí ilé onílé lẹ fẹ́ kí n gbà ni?"

Ni iná ẹ̀yìn tírélà bá tàn, pupa fòò. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò dúró, ó ń yọ̀ lọ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹnu yà mí: àwọn ilé ń ká etí aṣọ sókè bí obìnrin tó fẹ́ la odò kọjá, wọ́n ń yà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlú tán pátá. Ó ku ìwọ àti láfún rẹ. O ò dìde. Táyà dé etí láfún, o na ọwọ́ sí táyà, o ní, "Ó ku díẹ̀ kó gbẹ."

Ni mo bá lajú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lára ògiri, mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́.