Ẹ̀jẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Lù

Àlá tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ọ̀sán gangan ni mo lá a, lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún àbúrò mi, Ọláníhùn. Dókítà ti ṣàlàyé fún mi pé àwọn máa dá ọkàn rẹ̀ dúró, kí ẹ̀rọ kan máa bá a gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara títí àwọn yóò fi tún un ṣe tán.

Lójú àlá, mo wọlé tọ̀ ọ́, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sí ohun tó ń lù níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kàn ń lọ gbọọrọ lábẹ́ awọ rẹ̀, bí òróró tí wọ́n ń dà sínú ìgò. Mo bi ẹ̀rọ náà pé irú ìwà wo nìyẹn.

Ẹ̀rọ dorí kodò. "Ẹ má bínú, mà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń lù. Wọn ò fọwọ́ sí i fún mi ni."

Inú bí mi. Bí mo ṣe ń jáde lọ wá ẹni tó máa fọwọ́ sí i, kíndìnrín Ọláníhùn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ̀ lé mi. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé àwọn, àfi lónìí tó kàn ń ya wọlé bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i léfòó sókè òrùlé ọsibítù. Okùn la fi fà á wálẹ̀ ká tó rí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ládéìndé, gba fọ́ọ̀mù tí a fi tọrọ pé kí ẹ̀rọ máa lù, ó ní bóyá kó lù ló dáa ni àbí kó kàn ṣàn, àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀, ìgbìmọ̀ máa jókòó ní ọdún mẹ́ta sí i. Mo ní wákàtí kan ni àbúrò mi ní. Ó wúkọ́, irùngbọ̀n hù ú, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Ìyẹn ò kàn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ó ń jẹ fọ́ọ̀mù wa. Mo já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí nìkan ló kù, ni mo bá fọwọ́ sí i fúnra mi. Kíndìnrín ọ̀tún ṣe ẹlẹ́rìí.

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i," mo padà lọ sọ fún ẹ̀rọ.

"Ta ni, mà?"

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà."

Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù: gbì, gbì, gbì. Àwọn kíndìnrín wọlé wọn padà, wọn ò tiẹ̀ dágbére.

Nọ́ọ̀sì kan ló fọwọ́ tọ́ mi tí mo fi jí. Ó ní wọ́n ti ṣe tán, ọkàn Ọláníhùn ti ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo béèrè bóyá ẹ̀rọ yẹn lù àbí ó kàn ṣàn. Ó wò mí títí, ó ní ó kàn ṣàn ni, bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn, àti pé Ọláníhùn ti tọ̀ dáadáa, kíndìnrín rẹ̀ ò ní wàhálà.

Mo pòṣé. Lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ omi ìfọwọ́ kan ń kán: tó, tó, tó. Ó nawọ́ láti fún un pa.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì," mo ní, "ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."